Ìka Méjì Láàrin Ṣéènì àti Ọrùn

Ọdún kejìlélógún rèé tí Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó kọ́ wọn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí ó bá ti ń kọ̀wé sójú pátákó, ọwọ́ kan náà ni yóò fi nu imú, òun náà ni yóò fi tún ìborí ṣe, tó bá fi máa di ọ̀sán, ojú rẹ̀ á ti funfun bí ẹni tó já sínú àpò ìyẹ̀fun. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, inú kì í bí i. Ó ní orúkọ tí àwọn sọ tísà tiwọn láyé ìgbà náà kò ṣeé fẹnu pè.

Ní sáà kejì ọdún tí à ń wí yìí, ìwé kan dé láti ilé-iṣẹ́ àbójútó ẹranko. Wọ́n ní kí gbogbo ilé-ìwé ya Ọjọ́rú mẹ́rin sọ́tọ̀, kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹran inú ilé: ajá, ológbò, ehoro, ẹyẹ inú àgò. Àwọn tísà yòókù fi ìwé náà fẹ́ ara wọn nítorí ooru. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ajá! Ta ló ń tọ́jú tísà?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ki ìwé náà bọ àpò, ó sì kà á tán nílé láti orí dé ìdí.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́, omi ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí oníkálukú lọ wo abọ́ tí ẹran ilé wọn fi ń mu omi, tàbí ti aládùúgbò bí wọn kò bá ní, kí wọ́n wá ròyìn. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní ológbò àwọn kò ní abọ́, inú ife màmá òun ló ti ń mu, màmá òun kò sì tíì mọ̀. Kíláàsì dàrú. Ó pẹ́ kí Àǹtí tó lè dá ẹ̀rín ara rẹ̀ dúró kí ó tó ní kí wọ́n panu mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ láìrí ojú rẹ̀, yóò wá àga fún un. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ tó ti lọ́jọ́ lórí ló ń dá tọ́ ọ, bí àgbà ni òun náà ṣe wá ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ méjì bá ń jà, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, kí lẹ fẹ́ gbà nínú ẹ̀?" Bí Àǹtí bá sín, òun ni yóò kọ́kọ́ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá nǹkan gbígbóná fi panu." Nígbà tí ó kàn án láti ròyìn, ó ní, "Abọ́ omi ajá tiwa mọ́. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀." Ó sì jókòó.

Ọjọ́rú kejì, wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ibùsùn. Ọjọ́rú kẹta ni ọ̀rọ̀ kan okùn ọrùn.

Àǹtí mú bẹ́líìtì kan wá láti ilé, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá ti ìka bọ̀ ọ́. "Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ àárín okùn àti ọrùn," ó wí. "Bí ìka méjì kò bá wọ̀ ọ́, ara ń ni ẹran náà. Ẹran kò ní ẹnu tó lè fi sọ. Bí kò bá tilẹ̀ ké, ara ń ni ín." Ó kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n dà á kọ. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ilé-iṣẹ́ náà: Bí o bá rí ẹranko tó ń jìyà, má dákẹ́. Sọ fún tísà rẹ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago ìsinmi lù tí gbogbo kíláàsì tú dà síta, Ìyá Àgbà kò jáde. Ó rìn dé iwájú tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí."

"O ṣeun. O ò lọ ṣeré ni?"

"Eré kọ́ ló kàn báyìí." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó na ìka méjì. "Kò wọlé."

"Kí ni kò wọlé?"

"Ìka tẹ́ ẹ ní ká fi wò ó. Mo fi méjì wò ó, kò wọlé. Mo fi ẹyọ kan, kò wọlé. Mo wá ní kí n fi ọmọńdinrín wò ó, nǹkan tútù ló kàn mí lọ́wọ́. Mo gbóòórùn ẹ̀, Àǹtí. Ó ń rùn. Irun ọrùn ẹ̀ ló bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tá ò fi rí i. Ṣéènì yẹn ti wọnú ẹran lọ."

Àǹtí fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀ ni ọlọ́dẹ ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó, yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ibẹ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ni bàbá gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ awakọ̀ gẹdú, ó sọ ọ́ ní Dúródèmí. Lójúmọmọ, wọ́n á so ó mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ géètì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bàbá á tú u kúrò lára òpó, àwọn méjèèjì á sì jọ máa yí ọgbà náà ká. Ṣùgbọ́n ṣéènì tó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Àgádágodo ni wọ́n fi dè é, kò sì sẹ́ni tó rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́.

"Ṣé bàbá rẹ mọ̀ pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà mi orí. "Mi ò lè sọ fún wọn. Ọjọ́ tí mo sọ pé abọ́ omi ò tóbi tó, wọ́n ní ṣé ìwé ni mo ti fẹ́ máa kà lé àwọn lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ."

"Wọn ò ní mọ̀," ni Àǹtí wí. "Mo máa pe àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n á wá mú un, wọ́n á gé ṣéènì yẹn, wọ́n á fi oògùn sí i, wọ́n á sì dá a padà fún yín."

"Ṣé ó dájú?"

"Ó dájú."

Kò sí níbì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn yóò dá ẹran padà. Àǹtí ló fi ìyẹn kún un fúnra rẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi ṣúgà sí oògùn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí ó délé tí ó ròyìn, ẹ̀gbọ́n náà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Kí ló dé tó ò lọ bá ọkùnrin náà fúnra ẹ?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí tísà má dá sí i. Ká kàn pè wọ́n."

"Ìwé ò lójú, àbúrò mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ilé ọkùnrin yẹn ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ilé-ìwé yín. Wí fún un pé, bàbá, ẹ wo ọrùn ajá yín. Ó tán."

"Tó bá wá na ọmọ yẹn ńkọ́?"

Ìyẹn ni ó fi dáhùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ẹ̀rù ọkùnrin náà ń ba òun pẹ̀lú. Ó ti rí i rí lẹ́nu géètì yẹn, ó ga, ó gbé kùmọ̀ dání, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn láti pe nọ́ńbà ju kí ènìyàn lọ kan irú géètì bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ya fóònù ọ̀gá ilé-ìwé lò, ó sì sọ ibi tí ajá náà wà. Ohùn tó dá a lóhùn tutù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní irú wọn ló ń tún ìlú ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgbà pákó lọ́jọ́ Ajé, ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn ni Àǹtí ti gbọ́ ọ kó tó so ó pọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin méjì dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n gbé ọ̀pá gígùn tó ní okùn lórí dání. Bàbá ọlọ́dẹ ń sùn nínú yàrá, torí pé òru ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn alágbàṣe pa ẹ̀rọ ìlagi, wọ́n wá ń wòran. Ajá náà dìde, ó ń gbó. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà na ọ̀pá, ó ju okùn sí i lọ́rùn, ó sì fà á. Orí ọgbẹ́ gan-an ni okùn náà bọ́ sí. Ẹni tó wà níbẹ̀ sọ pé igbe tí ajá náà ké kò jọ ti ajá. Ó yí padà, ó sì ki eyín bọ apá ọkùnrin náà, ó dé egungun kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà jáde. Aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ ń já a láyà ni." Ó jókòó sórí lẹ́búlẹ́bú pákó nílẹ̀, ó pe ajá náà lórúkọ, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rẹ̀ mú. "Má bẹ̀rù. Wọ́n fẹ́ tọ́jú ẹ ni. Wọ́n á dá ẹ padà, Àǹtí mi ló sọ bẹ́ẹ̀." Ajá náà kò tún mira mọ́. Wọ́n wá dè é lẹ́nu, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

Nígbà tí bàbá fi máa jáde, tó ń nu oorun kúrò lójú, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n na ìwé kan sí i pé kó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́ ojú, ó sì fi bírò ha nǹkan kan síbi tí wọ́n fi ìka hàn án. Ọ̀gá tó ni ọgbà pákó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Àgbà dé kíláàsì tayọ̀tayọ̀. Ó rọra sọ sí Àǹtí létí pé, "Wọ́n ti mú un lọ. Mi ò jẹ́ kó bá wọn jà púpọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà?"

"Láìpẹ́," ni Àǹtí wí. Inú òun náà dùn. Ní Ọjọ́rú, ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kẹrin, bí wọ́n sì ti jáde, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ àbójútó ẹranko, kó lè rí ajá náà, kó sì lè mú ìròyìn gidi padà fún ọmọ.

Ẹ̀yìn ilé ìpẹran kan ni ibẹ̀ wà. Bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn, òórùn oògùn apakòkòrò ló kọ́kọ́ kí i, gbígbó ajá tẹ̀lé e. Àwọn àgò irin tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ wọn. Nínú àwọn kan, ajá méjì tàbí mẹ́ta ló há mọ́ra wọn. Dókítà ẹranko, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó wọ bàtà òjò, ń fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi.

"Ajá ọgbà pákó? Ìyẹn ti parí lánàá, mà."

"Ẹ ṣeun o! Ẹ ti gé ṣéènì náà?"

Dókítà pa omi. Ó yíjú sí i. "A ti fún un lábẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ ọgbẹ́?"

"Rárá, mà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó tún nù ún, bí ẹni pé omi kò kúrò níbẹ̀. "Abẹ́rẹ́ tó fi sùn. Ó ti kú."

Àga kan wà níbẹ̀, Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì kò rántí ìgbà tí òun jókòó sórí rẹ̀. Dókítà ń ṣàlàyé. Ajá tó bá bu òṣìṣẹ́ jẹ débi egungun, òfin kò gbà kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n sì gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyà, wọn kì í dá a padà fún un títí ẹjọ́ yóò fi parí, oṣù mẹ́fà sí i. Ibo ni wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí fún oṣù mẹ́fà?

"Ọgbẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣeé wò?"

"Ó ṣeé wò." Dókítà kò purọ́ fún un. "Kò lè gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ajá náà kò rorò, mà. Ara ló ń ni ín. Nígbà tí mo kun ọrùn ẹ̀ lóògùn tí ìrora lọ, ọwọ́ mi ló ń lá."

"Ẹ sì fún un lábẹ́rẹ́."

"Àgò mẹ́rìnlá la ní. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọ àwọn ilé-ìwé, ajá mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti kó wá bá wa. Ọ́fíìsì òkè ló kọ ìwé yẹn. Wọn ò bi wá bóyá ààyè wà." Ó na ọwọ́ sí àwọn àgò náà. "Èmi ni mo máa ń fún wọn lábẹ́rẹ́. Lójoojúmọ́. Ẹ má fi ojú yẹn wò mí, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà bi í léèrè. Àǹtí ti múra ohun tí yóò sọ sílẹ̀ láti òru, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ojú ọmọ náà, ohun mìíràn ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀," ó wí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni irọ́ yẹn lò láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìwé dé ọgbà pákó láti ilé-iṣẹ́ àbójútó ẹranko. Bàbá gbé e fún ọmọ rẹ̀ pé kó kà á fún òun. Ọmọ náà mọ̀wé dáadáa, Àǹtí ló kọ́ ọ. Ó kà á sókè ketekete, láìṣi ọ̀rọ̀ kan, títí dé ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àga rẹ̀ ṣófo. Lásìkò ìsinmi, bàbá náà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ṣí fìlà, ó dì í mú láyà. Kùmọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítòsí báyìí, Àǹtí rí i pé àwọ̀ funfun kan ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Ìjà kọ́ ni mo bá wá. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín."

"Ẹ jókòó, bàbá."

Kò jókòó. "Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?"

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìwé, ohun tí wọ́n ní kí tísà ṣe àti ohun tí wọ́n ní kó má ṣe. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí i títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Mi ò rí i," ó wí. "Ọlọ́run gbọ́, mi ò rí ọgbẹ́ yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tójú mi ti ń ṣú, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ta ló máa fi afọ́jú ṣọ́lé? Ajá yẹn lojú mi. Lóru, mo máa ń di ṣéènì ẹ̀ mú, ibi tó bá yà sí lèmi náà máa yà sí. Tó bá dúró, mo mọ̀ pé nǹkan wà níwájú." Ó ń yí fìlà náà po lọ́wọ́. "Èmi ni mo ń fà á, Tísà. Lóròòru. Mo ń fà á lórí ọgbẹ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ayùn irin mẹ́fà ló wà nínú ọgbà yẹn. Mẹ́fà! Tí ẹ bá ní kí n fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ wò, ǹ bá ti gé e kí ẹ tó dé ilé-ìwé yín padà. Àbí kí ọmọ yẹn sọ fún mi." Ó mi orí. "Ó ní ẹ̀rù mi bà á. Ìyẹn, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò lè kó o lé yín lórí."

Ó ṣàlàyé pé ọ̀gá òun ti ní kí òun kúrò lẹ́nu géètì tóṣù bá parí. Ó ti rí bí òun ṣe ń gbé ìwé súnmọ́ ojú tí òun ń gbé e jìnnà. Ó ní ọlọ́dẹ tí kò ríran, tí kò tún lájá, kí ló fẹ́ ṣọ́? Àbúrò òun tó wà ní ìlú mìíràn ní yàrá kan, ibẹ̀ ni òun àti ọmọ ń lọ.

"Nítorí ọmọ ni mo ṣe wá. Kò jẹun láti àná. Kò sunkún, ì bá sunkún. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tiyín ló máa ń gbọ́."

Wọ́n jọ rìn lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wí. Yàrá náà mọ́ tónítóní: bẹ́ẹ̀dì kan, ẹní kan tí wọ́n ká sí igun, sítóòfù, ìwé ilé-ìwé tò lórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ nínú bàsíà. Nígbà tí bàbá bọ́ síta kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, ọmọ náà kò gbójú sókè.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ, pé ohun tó dára ló ṣe, pé àwọn àgbà ló kùnà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó wọ ibi kankan. Ọmọ náà ń fọ ọrùn aṣọ, ó ń fọ ibì kan náà láìkúrò níbẹ̀.

"Àǹtí."

"Mo ń gbọ́, ọmọ mi."

"Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo dì í mú fún wọn?"

Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì la ẹnu. Fún ọdún méjìlélógún, kò sí ìbéèrè ọmọ tí kò ní ìdáhùn fún, bí kò bá tilẹ̀ ju "Jẹ́ ká jọ wá a" lọ. Ó wá a báyìí, kò rí i. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tó tutù, níwájú ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Dárí jì mí," ó wí.

Ọmọ náà wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá sàn bí ó bá wà níbẹ̀. "Ẹ dìde, Àǹtí. Ilẹ̀ tutù," ó wí. Ó sì padà sẹ́nu aṣọ tó ń fọ̀. Kò tún sọ ohunkóhun mọ́ títí Àǹtí fi lọ.

Wọ́n kó lọ ní ìparí oṣù. Ọmọ náà kò padà wá sí ilé-ìwé, kódà láti wá gba ìwé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ ewé kan dé láti ọ́fíìsì òkè, wọ́n fi yin ilé-ìwé náà nítorí pé wọn kò dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹran ń jìyà, wọ́n sì fi tísà kíláàsì kẹrin ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé kàn án mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, sí ibi tí àwọn òbí ti lè rí i. Àǹtí ní kó jọ̀ọ́ kó yọ ọ́.

"Kí la máa sọ pé ó ṣẹlẹ̀?" ni ọ̀gá bi í. "Ká sọ pé a ṣe ohun tí kò dáa? A ṣe ohun tí kò dáa ni?"

Kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọgbẹ́ wà lọ́rùn ajá. Ọmọ rí i, ọmọ sọ ọ́. Bí ó bá tún máa kọ́ wọn lọ́la, kí ni ì bá kọ́ wọn? Kí wọ́n dákẹ́? Ó gbé ìbéèrè náà délé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kò rán an létí pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ó bu omi gbígbóná fún un, ó sì jókòó tì í.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, Àǹtí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí kíláàsì kìíní, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ A, B, D. Wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ni lẹ́tà kan ti bá a, láti ọwọ́ tísà kan tí kò mọ̀ rí ní ìlú mìíràn. Tísà náà kọ̀wé pé ọmọbìnrin kan ti wà lọ́dọ̀ òun fún oṣù méjì, ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbà á, ṣùgbọ́n kò tíì la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì. Bàbá rẹ̀ kò ríran mọ́ rárá, kò sì ṣàlàyé ju pé kí òun kọ̀wé sí yín lọ. Ṣé bí ọmọ náà ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyẹn? Ṣé odi ni wọ́n bí i? Kí ni kí òun ṣe?

Àǹtí kọ ojú ewé mẹ́rin. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí omi dé orí símẹ́ǹtì. Nígbà tí ó kà á, ó rí i pé ẹni tí òun ń tù nínú lójú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju ara òun lọ, ó sì fà á ya. Ó mú ìwé mìíràn. Ó kọ ọ́ pé ọmọ náà kì í ṣe odi, pé òun kò ní ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó o rí, pé ajá kan kú, pé ẹ̀bi òun ni. Ó ní kí tísà náà má fipá mú un sọ̀rọ̀, kó má sì ṣe ìlérí ohunkóhun fún un.

Ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó retí èsì títí sáà fi parí. Ó tún kọ òmíràn nínú sáà tó tẹ̀lé e, ó fi àwòrán tí àwọn ọmọ kíláàsì yà sínú rẹ̀, ó kọ orúkọ ọmọ náà sára àpò ìwé rẹ̀. Ìyẹn padà wá bá a láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò sí níbẹ̀ mọ́.